Bí Mo Ṣe Ṣe Onídùúró fún Ẹ̀gbọ́n Ará Vietnam

Òórùn táyà tuntun ló máa ń kọ́kọ́ dé imú mi tí ọ̀rọ̀ ọdún yẹn bá ti sọ sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe òórùn dídùn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ burú, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ òtútù débi pé tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó jókòó tì mí á rọra kọjú sí fèrèsé. Ìsọ̀ táyà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Malton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bàlúù Toronto ní Kánádà, níbi tí bàlúù ti máa ń fò kọjá lórí wa bíi pé ó fẹ́ fẹsẹ̀ gbá òrùlé. Iṣẹ́ fọganáísà ni mo kọ́ n'Íbàdàn. Ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lórí. Nígbà tí mo dé ìpele kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, èmi àti ìwé jọ gbà láti pínyà láìjà. Lẹ́yìn tí àwọn òbí mi kú, àbúrò ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níhìn-ín ló ṣe ìwé tó fi mú mi wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Brooklin, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Toronto. Ó rò pé òun á fi mí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí n jáde pẹ̀lú táì lọ́rùn. Nígbà tó yá, mo háyà bésíméǹtì abẹ́ ilé kan ní Malton, mo sì padà sídìí táyà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kan ṣe dáadáa kì í sùn lébi, bí Àǹtí mi tilẹ̀ ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mò ń kà.

Ará Vietnam kan ni olórí òṣìṣẹ́ ìsọ̀ náà. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, nítorí ẹnu mi ò gbà kí n máa pe ẹni tó jù mí lọ tó bẹ́ẹ̀ lórúkọ, bí orúkọ náà tilẹ̀ wà ní àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi òwú pupa rán síbẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń pe òun. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ní èdè tàwọn náà, èèyàn kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àbúrò, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó sàn ju tàwọn ọmọ Àǹtí mi lọ, àwọn tí mo máa ń kí ní Yorùbá, tí wọ́n á ní, "What?"

Díẹ̀díẹ̀ ló ń já ìtàn ara rẹ̀ fún mi nígbà oúnjẹ ọ̀sán, bí ẹni ń já ewé. Ọmọdé ni nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní Vietnam. Ọkọ̀ náà gbé wọn dé Hong Kong, ìjọba ibẹ̀ sì kó wọn sínú àgọ́ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Wọn kì í jáde. Bàbá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ó ní òun á tẹ̀lé wọn. Kí bàbá tó dé, ìjọba Hong Kong ti yí òfin padà: ẹni tó bá dé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, wọ́n gbà pé ewu ló ń sá fún; ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó síwájú àwọn abèèrè, kó fi ẹ̀rí hàn. Ọkọ̀ bàbá dé lẹ́yìn. Bí ìyàwó àti ọmọ ṣe di ẹni tó ń sá àsálà nìyẹn, tí ọkọ sì di ẹni tó kàn ń wá oúnjẹ kiri. Ìdílé kan náà ni o! Wọ́n bi bàbá ní ìbéèrè, wọ́n ní kò yege. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá a padà, ó kọ̀, ó dùbúlẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì gbé e lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì lọ sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí pápá bàlúù. Ẹ̀gbọ́n àti ìyá rẹ̀ ń wò ó láti ẹ̀yìn wáyà. Lẹ́yìn èyí ni Kánádà gba ìyá àti ọmọ. Wọn ò rí bàbá mọ́ títí tó fi kú.

Nígbà tí wọ́n dé Toronto, ìyá ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́, ọmọ ń bá àwọn ọmọ àdúgbò rìn. Ó ní òun ya ìpáǹle. Ìjà kan ṣẹlẹ̀, ẹnì kan fara pa gan-an, wọ́n sì sọ Ẹ̀gbọ́n sẹ́wọ̀n. Ó ṣe é, ó parí rẹ̀, ó jáde, ó kọ́ iṣẹ́ táyà, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì gba ìwé ọmọ onílùú kó tó ṣẹ̀wọ̀n. Ìjọba Kánádà pa á láṣẹ pé kó padà sí Vietnam. Ìjọba Vietnam nígbà náà ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, wọn ò fún un ní ìwé ìrìnnà. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bó ṣe di pé oṣooṣù ló ń lọ fọwọ́ síwèé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjèjì nìyẹn, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú títí funfun fi yọ nínú rẹ̀.

Mo bi í nígbà kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sú yín ni?"

Ó ní, "Àbúrò, ó sú mi. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì ń sú mi, a jẹ́ pé mo ṣì wà níhìn-ín."

Ohun tó mú kó fẹ́ wà níhìn-ín ni ìyá rẹ̀. Ìyá náà ti wọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kò jìnnà sí ìsọ̀ wa. Ìgbàgbé ti mú un. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́ tẹ́lẹ̀ ti fò lọ, èdè ìbí rẹ̀ nìkan ló kù. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni pé kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Tó bá ti rí aṣọ kan náà tí gbogbo wọn ń wọ̀, á pa ẹnu dé, á máa wo ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ní inú àgọ́ ni ọkàn rẹ̀ ti padà sí, pé ẹ̀ṣọ́ ló ń rí. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n á bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, á gbé fúláàsì ìrẹsì tó ti sè láàárọ̀ títí tó fi rọ̀ bí ògì, á lọ fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ. Mo tẹ̀lé e lọ nígbà mélòó kan. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ère.

Lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ fọwọ́ síwèé ní oṣù kan, ìyá ṣubú. Yìnyín àkọ́kọ́ ọdún náà ti bọ́, ọkọ̀ sì tò láti iwájú ìsọ̀ wa dé títì, nítorí ará Toronto kì í rántí táyà wíńtà, èyí tí kì í yọ̀ lórí yìnyín, àfi tí yìnyín bá ti bo gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀. Ilé ìtọ́jú pe Ẹ̀gbọ́n pé wọ́n ń gbé ìyá lọ sọ́sibítù. Ó ní kí n pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kí òun lè gbọ́ràn. Mo pa á. Ó pe ọ́fíìsì tó ti ń fọwọ́ síwèé, ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ló gbé e. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ pé ìyá òun ṣubú, ó ní òun á wá láàárọ̀ ọ̀la. Mo fetí ara mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí ìsọ̀ náà dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́yìn tí mo pa ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó dìde lọ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá a wá. Kó tó lọ, ó ní, "Àbúrò, bá mi parí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa yẹn, mò ń bọ̀." Kò padà. Wọ́n ní kò wá lọ́jọ́ tó yẹ kó wá. Wọ́n tún ní ìjọba Vietnam ti ń fún irú wọn ní ìwé ìrìnnà báyìí, pé tí àwọn bá fi í sílẹ̀, ó lè sá. Ilé ìtìmọ́lé àwọn àjèjì tó wà nítòsí pápá bàlúù ni wọ́n mú un lọ.

Lọ́yà rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ já sílẹ̀, wá bá wa ní ìsọ̀. Ó ní wọ́n lè fi Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ tó bá ní onídùúró. Ọ̀gá tó ni ìsọ̀, ará India onílàwàní, ní òun á fi owó ìdógò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fẹ́ ẹni tí Ẹ̀gbọ́n á máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tí á máa rí i lójoojúmọ́, tí á sì mú un wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó wá. Ọ̀gá níyàwó, ó lọ́mọ, ilé rẹ̀ kún. Òun àti lọ́yà bá yíjú sí mi.

Mo lọ sọ fún Àǹtí mi ní Brooklin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń bu ọbẹ̀ sínú ike fún mi lọ́wọ́. Ó dúró, ṣíbí lókè.

"Ìwọ? Onídùúró? Fún ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, mà."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń fi igi méjì jẹun! Ọjọ́ wo ni ìyá ẹ bí i? Mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà ni?"

"Àǹtí, ẹ má fi ṣeré."

"Èmi ni mò ń ṣeré? Ìwé ìgbélùú tí wọ́n fún ẹ, yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ, ìwọ náà fẹ́ máa dúró fún èèyàn. Bó bá sá ńkọ́?"

"Kò ní í sá, mà. Ìyá rẹ̀ wà níbí. Kì í jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíì."

Ó gbé ṣíbí padà sínú ìkòkò. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ohun tó ń gbẹ̀yìn arúgbó tí kò bá jẹun. Ó bu ọbẹ̀ kún ike náà, ó tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi. "Tó o bá kúkú máa lọ, má lọ bá wọn jiyàn o. Èèyàn tó bá jókòó sórí àga ìjọba, ẹ̀bẹ̀ ló ń fẹ́. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Bẹ̀ wọ́n. Kó o bẹ̀ wọ́n dáadáa."

Ẹ̀bẹ̀! Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé nìyẹn. N'Íbàdàn, tí ọmọ iṣẹ́ kan bá fi ọ̀pá ha rímù ọkọ̀ oníbàárà, èmi ni wọ́n máa ń rán síwájú. Màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ́ìlì, màá ní, "A jẹ̀bi, sà, ẹ fojú fò ó," kódà nígbà tó bá jẹ́ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ sí kòtò. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kò tíì jẹ́wọ́ ohunkóhun. Ó kàn ń kan ilẹ̀kùn ni. Tí o bá bẹ̀ tán, àgbà á ní kó o dìde, á wá ní, "Ó dáa, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" Ìgbà yẹn ni àlàyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo fi gbogbo ọ̀nà bọ́ọ̀sì láti Brooklin dé Malton dá ẹ̀bẹ̀ mi rò, inú mi sì ń dùn sí ara mi. Mo tiẹ̀ ń ṣàánú obìnrin tí lọ́yà ní ó máa gbọ́ ẹjọ́ náà, pé kò mọ irú ọmọ tó ń bọ̀ wá bá òun.

Lọ́yà ti sọ fún mi pé, "Ohun tó o rí àti ohun tó o gbọ́ nìkan ni kó o sọ." Mo ní ó ti yé mi. Mo wọ kóòtù tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Yàrá kékeré kan ni, kò ju kíláàsì ọmọ jéléósinmi lọ. Wọ́n mú Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó fojú kí mi. Agbẹjọ́rò ìjọba jókòó sápá kan, àwa sápá kejì, obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ sì wà láàárín, àgbàlagbà tó fi gíláàsì ojú há irun.

Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ mọ ìdí tí kò fi wá lọ́jọ́ tó yẹ kó wá?"

Kí n ní, "Mo wà níbẹ̀ nígbà tó pè yín," ó parí. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dìde, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, mo káwọ́ sẹ́yìn. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Ó jẹ̀bi. Ohun tó ṣe ò dáa. Ẹ bá mi fojú fò ó, mà. Kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáré wá, ó ní kí n padà sórí àga mi. Lọ́yà ń fà mí láṣọ. Obìnrin náà ò bínú rárá. Ó kàn mú bírò. "Ìyẹn ni pé ó mọ̀ pé ó yẹ kóun wá, ó sì pinnu pé òun ò ní wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ máa pè wá?"

"Kò lè sá, mà! Mo fi ẹ̀mí mi dúró fún un."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

Mò ń dúró kó ní kí n dìde, kó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Kò bi mí. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ní ẹni tó fẹ́ dúró fún ọkùnrin yìí ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ má wá ni. Lọ́yà wa gbìyànjú láti tún un ṣe. Ó ní Ẹ̀gbọ́n pè. Wọ́n ní àwọn ò rí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀rọ. Obìnrin náà ní kí Ẹ̀gbọ́n ṣì wà níbi tó wà, pé àwọn á tún wò ó ní oṣù tó ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń mú un jáde, ó yíjú sí mi, ó ní, "Àbúrò, ìyá mi." Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Lọ́yà ò bú mi. Nígbà tí a dé ibi tó gbé ọkọ̀ sí, ó ní, "Kí ló dé?"

Mo ní, "Mò ń bá a bẹ̀bẹ̀ ni."

Ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ kí ni? Kò ṣe nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi dúró síbẹ̀ nínú òtútù títí ọkọ̀ rẹ̀ fi lọ tán. Èmi tí mo pa ẹ̀rọ, èmi tí mo gbọ́ ìpè yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èmi náà ni mo dá a lẹ́bi níṣojú ìjọba.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo se ìrẹsì, tó jóná nísàlẹ̀, mo sì gbé e lọ bá ìyá ní ilé ìtọ́jú, níbi tí ọsibítù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà sí lẹ́yìn omi tí wọ́n fi ń gbé e ró. Mi ò ronú, aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀ lọ. Ìyá rí i, ó pa ẹnu dé. Mo gbé ṣíbí lọ, mo gbé e bọ̀, kò la ẹnu. Mo pe Àǹtí mi pé ọ̀rọ̀ ti dà rú. Mo retí èébú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ. "Bọ́ aṣọ oníṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Wọ bùbá tí mo rà fún ẹ. Má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu o, ẹ̀mí ni! Fi kan ètè ìsàlẹ̀, kó o dúró. Dúró títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi la ẹnu." Lọ́jọ́ kejì mo wọ bùbá aláwọ̀ ọsàn náà sábẹ́ kóòtù òtútù. Ìyá wo aṣọ náà, ó na ọwọ́, ó fi ìka pa á wò bí ẹni tó ti ránṣọ rí. Mo fi ṣíbí kan ètè rẹ̀, mo dúró. Ọwọ́ ń ro mí. Ó la ẹnu.

Bí a ṣe lo oṣù náà nìyẹn. Mò ń sọ Yorùbá sí i, ó ń fi èdè tirẹ̀ dá mi lóhùn. Mo máa ń ròyìn àwọn oníbàárà fún un, ẹni tó gbé táyà mẹ́ta wá pé kẹrin ń bọ̀, ẹni tó ní ọkọ̀ òun kò nílò táyà wíńtà torí pé òun gba àdúrà sí i. Ó máa ń rẹ́rìn-ín níbi tí mi ò ti dápàárá. Nígbà tí oṣù fi máa parí, tí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, á ti máa gbé ọwọ́ sókè.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a padà sí yàrá kékeré náà. Obìnrin kan náà ló ń gbọ́ ẹjọ́. Mo jókòó, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì.

Mo ní, "Mà, nígbà tó kọjá mo sọ pé ó jẹ̀bi. Kì í ṣe òótọ́. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń bẹ àgbà ká tó sọ tẹnu wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo pa ẹ̀rọ, ó pè yín níṣojú mi, mo sì gbọ́ ohun tó sọ." Mo wá sọ ọ́ fún un bí Ẹ̀gbọ́n ṣe sọ ọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà?"

"Mo rò pé tí mo bá ní ó jàre, ẹ máa rò pé mo ń bá yín jà."

Ó yọ gíláàsì nínú irun rẹ̀, ó fi sójú, ó wò mí. "Tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ máa pè wá?"

Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Mo wo obìnrin náà. "Màá pè yín, mà. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ sọ fún un pé mo fẹ́ pè yín."

Ẹ̀gbọ́n tẹrí ba, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ó jọ pé obìnrin náà pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bá fi ikọ́ bò ó. Ó ní òun gbà mí ní onídùúró.

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá la gbà lọ tààrà. Ẹ̀gbọ́n ò dúró wẹ̀. Ó wọlé, ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, ó rọra bá a sọ̀rọ̀. Ìyá wò ó bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tó ṣi ilé. Ó gbójú sókè, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí mi, ó sì pe orúkọ kan. Èdè wọn ò yé mi, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ náà. Òun ni wọ́n fi òwú pupa rán sáyà aṣọ iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n.

Ká ní ilẹ̀ la ẹnu níbẹ̀, mi ò bá bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó gbé abọ́ àti ṣíbí lé mi lọ́wọ́. "Fún un ní oúnjẹ, Àbúrò. Ebi ò gbọ́dọ̀ pa á torí pé inú ń bà wá jẹ́." Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò wá títí abọ́ fi gbẹ.

Mo bẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀, ẹ̀bẹ̀ tó wá látinú lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ìgbàgbé náà ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, pé oṣù kan kọ́ ló fà á. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní mọ̀ láéláé, òun náà kò sì ní mọ̀. Ó gbé lọ́dọ̀ mi gbogbo wíńtà, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ, ó ń fọ ìkòkò mi tí mo ti fọ̀. Nígbà mìíràn ìyá máa ń dá a mọ̀, ìjókòó wa á sì dùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dá a mọ̀.

Ìgbà tí a ń bọ́ táyà wíńtà kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n pè é pé ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti jáde, wọ́n sì dá ọjọ́. Lọ́yà sá sókè, ó sá sódò, wọn ò gbà. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, ó ní, "Kánádà tóbi. Ọmọ ìyá mi kan ní oko lápá ìwọ̀-oòrùn, kò sẹ́ni tó máa wá a débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí owó mi lọ." Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì wò mí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá máa lọ, ẹ sọ fún mi."

"Kó o lè pè wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. "Wọ́n gbé bàbá mi. Èmi á fẹsẹ̀ mi rìn. Tí mo bá sì sá, ìwọ ni wọ́n máa wá mú. Ta ló wá máa fún màmá lóúnjẹ?"

Ó lo ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù ní ilé ìtọ́jú. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ge ata ilẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú ìrẹsì náà. Ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ fi ń dáhùn nígbà tí ìyá bá pè é: *dạ*. Ó ní kí n sọ ọ́ wá látinú ọ̀fun, kí n má pariwo. Mo sọ ọ́ títí tó fi ní ó tó.

Èmi ni mo wa ọkọ̀ Ọ̀gá gbé e lọ sí pápá bàlúù, nítorí mo ti sọ pé màá mú un wá. Ó gbé àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó rìn láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kò wẹ̀yìn. Ẹ̀ṣọ́ kẹta ní iṣẹ́ mi ti parí, pé kí n máa lọ. Àsìkò oúnjẹ ìyá ti ń tó, mo bá lọ.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Èmi ni olórí òṣìṣẹ́ ní ìsọ̀ náà. Àwọn èèyàn máa ń wá bá mi, ọmọ Nàìjíríà àti àwọn mìíràn, tí wọ́n bá fẹ́ lọ dúró fún ẹnì kan ní yàrá yẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀bẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀. Àǹtí mi ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bí òyìnbó. Bí wọ́n bá tún pe èmi fúnra mi lọ́la, màá lọ, ọkàn mi ò sì ní í mì. Oṣù kan tí mo fi ẹnu ara mi kún ìyà Ẹ̀gbọ́n nìkan ni mi ò lè bá a gbà padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n máa ń pè mí láti Vietnam. Ó ní wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ pé òun ń sọ èdè wọn bí ọmọdé, nítorí ọmọdé lòun nígbà tóun kúrò. Màá gbé fóònù síwájú ìyá. Ìyá á wo ojú tó wà nínú rẹ̀, á rẹ́rìn-ín sí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà á yíjú sí mi, á pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú máa ń tì mí nítorí Ẹ̀gbọ́n tó ń gbọ́, ẹnu mi á sì wúwo. Òun ló ní kí n má jẹ́ kí ìyá òun pe ọmọ rẹ̀ kí ilé dákẹ́. Àná náà ìyá pe orúkọ náà. Mo ní, "*Dạ*." Ó la ẹnu, ó jẹun.